Igbá Tí Mo Gbé Kalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà. Bàbá ni mo ń pè wọ́n, nítorí bàbá tó bí mi ti kú kí n tó lè dá ọwọ́ ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí òsì. Ní ọdún tí mo parí ìwé ní Lómè tí mo padà sí Atakpamé, mo bá wọn pẹ̀lú ikùn tó wú bí ti aboyún oṣù méje. Ẹyin ojú wọn ti pọ́n bí omi tí ènìyàn kán epo sí. Gbogbo ilé ló mọ ohun tó fà á. Bàbá náà mọ̀ ọ́n. Ògógóró ni, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní sódàbì. Wọ́n ń mu ún láàárọ̀ kí wọ́n tó bọ́jú, wọ́n sì ń mu ún nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe àmì àgbélébùú lórí oúnjẹ.

Mo fẹ́ kí wọ́n yè. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́, nítorí ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́, ojú sì ń tì mí díẹ̀ láti jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kan iná lẹ́ẹ̀kan, kò ní í fọwọ́ kàn án mọ́. Báwo wá ni àgbàlagbà tó gbọ́n, tó ń fi òórùn ilẹ̀ mọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀, ṣe ń padà sídìí iná kan náà lójoojúmọ́? Nígbà mìíràn inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yìí bí inú mi ṣe máa ń dùn sí ìṣirò tó le. Lẹ́yìn náà ni màá rántí pé Bàbá mi ni ìṣirò náà, ẹ̀rù á sì bà mí. Màá tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ẹ̀rù náà kò pọ̀ tó.

Kí ìwé tó máa sọ ibi tí màá ti lọ ṣe olùkọ́ tó dé, wọ́n fi mí sí ilé ìwòsàn ìjọba láti máa ṣe ògbufọ̀. Dókítà òyìnbó á sọ Faransé, èmi á sọ ọ́ di èdè Ifẹ̀ tiwa fún àwọn ará wa, tàbí èdè Éwé fún àwọn tó ti ìsàlẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà kò le, àfi ìgbà tó di ọjọ́ tí ìyàwó Bàbá, tí mo ń pè ní Ìyá, fi ẹkún àti èébú fa Bàbá dé iwájú wa.

Dókítà tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún Bàbá. Ó tún un tẹ̀, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀ wọn ti ń le bí òkúta, pé bí wọ́n bá fi ọtí sílẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pẹ́ láyé. Bí wọ́n bá sì ń mu ún nìṣó, kí wọ́n tètè lọ pín oko wọn fún àwọn ọmọ.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbé mi sí èjìká kọjá odò Mónò nígbà tí odò kún?

"Bàbá," mo ní, "dókítà ní ọtí yìí kò bá yín lára mu mọ́."

Bàbá wo ẹnu dókítà, wọ́n sì wo ẹnu mi. "Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó sọ gùn ju èyí lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ó ní màá kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bi í bóyá òun ò ní kú."

Dókítà béèrè ohun tí wọ́n sọ lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n dúpẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá lẹ́yìn àká àgbàdo, ìgò kékeré wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò fara pamọ́ fún mi. "Ṣé o jí dáadáa?" ni wọ́n kọ́kọ́ wí, kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Ojú wọn fún pọ̀ bí ti ọmọdé tí wọ́n ń rọ lágbo. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Mo ti rò pé adùn ló ń fà wọ́n, èmi sì ti ń múra ọ̀rọ̀ tí màá fi bá adùn jà. Kò sí adùn kankan níbẹ̀.

Mo wá mú kàyé ìkọ̀wé kan nínú àwọn tí mo kó bọ̀ láti ilé-ìwé, mo kọ ìbéèrè mi sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ènìyàn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ni obìnrin opó kan tó ń pọn ọtí náà. Àwọn Faransé ti fòfin dè é, nítorí náà inú igbó ọ̀pẹ ló ń gbé ṣe é, ní ọ̀nà Kamina. Ó gbé àgbá ẹmu tó ti kan ka iná, ó fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, ó wá ki ọ̀pá bàbà oníhò kan bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀pá náà gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá kó tó yọ sórí ìgò. Mo mọ ibi tó ti rí ọ̀pá náà. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ní Kamina ni àwọn Jámánì kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ lókè òkun sí, kí wọ́n tó fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ nígbà ogun. Láti ìgbà náà ni àwọn ará oko ti ń lọ ṣa irin àti bàbà rẹ̀ bí ẹni ń ṣa olú. Mo jókòó, mo ń wo bí ọtí ṣe ń kán, tó, tó, láti inú ohun tó ti wà lára ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ nígbà kan rí.

"Ìyá," mo ní, "kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń mu ún, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ó ń pa wọ́n?"

"Ṣé gáàdì ìjọba ló rán ọ?"

"Rárá o, Ìyá."

"Kí wá ni kàyé ń ṣe lọ́wọ́ ẹ?"

"Tèmi ni. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi kì í mu ún."

"Ẹ kì í mu ún? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti dáa?"

Ó fi ìka bu díẹ̀ láti ẹnu ìgò, ó wọ́n ọn sínú iná. Iná fò sókè, ó bú bùlà. "Òun ló ń bá mi tọ́ ọ wò," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí bí ẹni tí àánú mi ṣe. "Ṣé kì í ṣe nítorí bàbá ẹ lo ṣe ń béèrè? Wọn kì í wá síbí nítorí adùn. Àwọn tó ń wá adùn, ẹmu ni wọ́n ń rà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tí mo bi tẹ̀lé e ni àwọn tí ìjọba kó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà irin ní apá Anié. Wọ́n máa ń wá di ọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá sì jókòó lórí pẹpẹ, òórùn ọtí á kún inú yàrá. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ń mu ún kí ẹ̀yìn òun má baà rántí òní bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la. Òmíràn ní nítorí pé ó wà ni. Ẹnì kẹta, tí mo ń bá di ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ mi ló ń wò.

"Ìwọ akọ̀wé," ó ní, "kí ló dé tó o fi ń jẹ èékánná ẹ?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, o ṣì ń jẹ ẹ́. Ṣé ó dùn ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo wà ní Lómè, olùkọ́ kan tilẹ̀ fi ata pa àwọn ìka mi, mo jẹ wọ́n tòun ti ata. N kò kọ ti ìyẹn sínú kàyé.

Nígbà tó yá, mo bi Bàbá fúnra wọn. Wọ́n ń pọ́n ọkọ́ lábẹ́ igi ọsàn, oòrùn sì ti ń wọ̀.

"Bàbá, ṣé ó dùn ni?"

"Kò dùn. Ó ti pẹ́ tó ti dùn kẹ́yìn. O ò tíì máa rìn nígbà náà."

"Ṣé ó ń fún yín lágbára ni?"

"Wo ara tó ń fún lágbára." Wọ́n fi ìka kan ikùn wọn pó, pó, bí ẹni ń yẹ bàrà wò bóyá ó gbó.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń mu ún?"

Bàbá gbé ọkọ́ sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú wọn jọ ohun tó ń da èmi náà láàmú.

"Èmi náà ti rò ó títí," wọ́n ní. "Mi ò mọ̀. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ká wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nítorí dókítà, kì í ṣe nítorí ẹkún Ìyá. Àwa méjèèjì jọ fẹ́ mọ̀ ni. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ kẹta, wọn ò lè gbé ife omi dé ẹnu, wọ́n ní èèrà ń tò lára ògiri níbi tí èèrà kankan kò sí. Òógùn bò wọ́n bí ẹni òjò pa. Ìyá sunkún, wọ́n ní kí n lọ ra díẹ̀ wá, kí n má fi ìwé pa ọkọ àwọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò lọ, n kò sì wọlé. Ẹ̀rù méjì ló dì mí mú: pé mo ń pa wọ́n, àti pé bí mo bá lọ rà á, mo pa wọ́n náà nìyẹn. Bàbá ló pè mí. "Má lọ," ni wọ́n wí. "Kọ èèrà yìí sínú ìwé ẹ." Eyín wọn ń gbá ara wọn, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n sùn. Ọjọ́ keje, wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n sì béèrè fún ẹran. Ọjọ́ kẹjọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú iyàrá, Ìyá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àáró dé.

Ọkùnrin mẹ́jọ ló wà nínú àáró Bàbá. Láti ìgbà tí àwọn Jámánì ṣì wà ni wọ́n ti jọ ń kọ ebè, lónìí lóko ẹni yìí, lọ́la lóko ẹni yẹn. Lọ́jọ́ náà, oko olórí àáró ló kàn, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré. Mo bá Bàbá lọ. Mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ ṣọ́ wọn.

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, igbá ọtí gbọ́dọ̀ yí ká. Ẹni tó loko á kọ́kọ́ mu, á gbé e fún ẹni tó kàn, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn á fi mu ún. Ẹni tó bá fo igbá, ó ń bínú sí olóko nìyẹn, tàbí ó ń fura pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ dókítà á borí rẹ̀ ni.

Olórí àáró mu, wọ́n gbé e fún èkejì, igbá sì ń bọ̀.

"Ẹ wo ojú ọkùnrin yìí!" ni ẹnì kan kígbe, tó nawọ́ sí Bàbá. "Ó ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun! Ìyàwó ẹ ti tún ọ mọ ni?"

"Ìyàwó tìrẹ kọ̀, ó ní amọ̀ ò tó," Bàbá dá a lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Igbá dé ọwọ́ Bàbá. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Mo rí i tí ọ̀fun wọn lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gbé nǹkan mì, bẹ́ẹ̀ igbá ò tíì kan ẹnu wọn. Wọn ò mu, wọn ò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé?" ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn béèrè.

Bàbá tẹjú mọ́ inú igbá.

"Ṣé olóko ṣẹ̀ ọ́ ni? Sọ ọ́, ká jọ parí ẹ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dun olórí àáró. Ọtí ti ń dà létí igbá lọ́wọ́ Bàbá. N kò lè fara dà á mọ́. Mo yára bọ́ sáàárín wọn, mo gba igbá náà lọ́wọ́ Bàbá. Nígbà tí mo gbà á tán, n kò mọ ẹni tí màá gbé e fún, nítorí ẹni tó kàn kò na ọwọ́ sí i. Mo bá bẹ̀rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀, níwájú wọn.

"Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ mu ún mọ́," mo ní. "Ó ní wọ́n á kú."

Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà. Ìgbà tí mo rí fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo tó rántí. Igbá àáró kì í kan ilẹ̀ tòun ti ọtí nínú. Ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ, títí á fi gbẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀ ni bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kú. Lọ́jọ́ àáró àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á gbé e ka iwájú ebè àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò lè wá mọ́. Ojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọdún márùn-ún tí mo lò ní Lómè kò pa á rẹ́ lórí mi. Mo kàn gbé e sẹ́yìn bí aṣọ tí a kì í wọ̀ lọ sílé-ìwé. Èmi tí n kò lè túmọ̀ ikú fún Bàbá níwájú dókítà ni mo wá túmọ̀ rẹ̀ níwájú gbogbo àáró, tọwọ́ tẹnu.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tán nítorí ikùn wọn. Wọ́n gbé igbá náà, wọ́n mu ún láìmí, títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

"Mo ṣì ń jẹ iṣu o," Bàbá ní. "Ẹ má tíì pín tèmi."

Ariwo sọ. Wọ́n gbá Bàbá lẹ́yìn, ẹni tó ṣí fìlà dé e padà, ọkọ́ sì bọ́lẹ̀. Bàbá kọ ebè lọ́jọ́ náà ju àwọn mìíràn lọ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, èmi ni mo fi èjìká gbé wọn délé, wọ́n ń kọrin.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, olórí àáró ránṣẹ́ pè mí. Mo lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tí mo ti kọ́ sórí bí àkọ́sórí ilé-ìwé. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé dandan ni kí bàbá ẹ gbé ọtí mì?"

Wọ́n fi àpótí hàn mí kí n jókòó.

"Ẹni tó ti ń kírun lára wa, tó bá àwọn oníṣòwò ọjà bọ́ sí mọ́ṣáláṣí, ṣé o rò pé ó ń gbé e mì ni? Ètè ló fi ń kàn án. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹnu ni igbá ń wá, kì í ṣe ọ̀fun. Mo gbọ́ pé o bi ìyá ọlọ́tí, o bi àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà irin. Kí ló dé tí o ò bi èmi?"

N kò bi wọ́n nítorí mo ti rò pé mo mọ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtìjú náà, ìrètí ńlá kan ń hù. Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn: àwọn ènìyàn ń mu ọtí nítorí àwọn tó wà láyìíká wọn, bí a bá sì tún àyíká ṣe, ọtí á fi wọ́n sílẹ̀. Mo fi ojú ewé mẹ́ta kọ ọ́.

Ní àáró tó tẹ̀lé e, Bàbá fi ètè kan igbá, wọ́n gbé e fún ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Mo yọ̀ dé ilé. Mo gba ẹ̀yìn àká kọjá láti lọ fọ ẹsẹ̀, mo sì bá Bàbá níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo gbìyànjú láti má sunkún, mo sì mọ̀ pé wọ́n rí i pé mo ń gbìyànjú.

"Kò sẹ́ni tó fi dandan mú yín lónìí," mo ní.

"Kò sí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Kí lẹ rí lábẹ́ ẹ̀?"

Wọ́n dí ẹnu ìgò.

"Kò sí nǹkan tí mò ń rò jù ú lọ," wọ́n ní. "Bí mo bá ń kọ ebè, òun ni mò ń rò. Bí ò ń bá mi sọ̀rọ̀, òun ni mò ń rò. Bí mo bá ti mu ún, mi ò ní í rò ó mọ́ fúngbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

"Ẹ ń mu ún kí ẹ má baà máa rò pé kí ẹ mu ún?"

"O rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lórí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ ọ́ fún òyìnbó."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ńkọ́?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti ń gbàgbé." Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣu ni mo kọ́kọ́ rò." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, mo sì gbà pé wọ́n rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe lójú mi, nítorí wọ́n yára fi kún un: "Tàbí irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀mùtí kì í mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Má kọ ìyẹn."

N kò kọ ọ́ nígbà náà. Òní ni mo ń kọ ọ́.

A tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ó dé ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà kejì, kò ju ọjọ́ méjì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé mi dé, wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Anié. Mo fẹ́ kọ̀ ọ́, Bàbá ní kí n má ṣe wèrè.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí Ìyá ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Bàbá láàyè. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, ara wọn ti pọ́n tán, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní kí n bu díẹ̀ fún àwọn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo lọ sẹ́yìn àká, mo rí ìgò níbẹ̀, mo wò ó títí, mo sì fi í sílẹ̀. Omi ni mo bu wá. Wọ́n tọ́ ọ wò, ètè wọn là díẹ̀.

"Ògbufọ̀," ni wọ́n wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú tí wọ́n fi dákẹ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àáró ní àwọn máa kọ́kọ́ kọ ebè oko Bàbá fún Ìyá kí àwọn tó kọ ti ẹnikẹ́ni. Mo gba àyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, mo wá láti dúró sí ipò Bàbá. Ọkùnrin méje ló dúró yí ká, èmi ni mo ṣe ìkẹjọ. Nítorí pé ẹni tó loko kò sí mọ́, olórí àáró ló kọ́kọ́ mu, igbá sì yí ká títí ó fi kàn mí kẹ́yìn. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, mo fi ètè kàn án. Ó ta mí létè, òórùn rẹ̀ sì ni òórùn àárọ̀ gbogbo ìgbà èwe mi. Mo fẹ́ gbé e fún ẹni tó kàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kàn mọ́. Olórí àáró rọ ọtí kún un lọ́wọ́ mi títí ó fi dé etí.

"Gbé e kalẹ̀," wọ́n ní. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n gbé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Mo rìn lọ síbi tí ebè àkọ́kọ́ máa wà, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé igbá náà kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dà.

A ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọwọ́ mi bó, ebè mi kéré, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibojì aláǹgbá ni mò ń kọ. Nígbà tí a fẹ́ jókòó jẹun, mo lọ wo igbá náà. Ó ti gbẹ. Kò sí èèrà nínú rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò sì tutù.

"Ó ti mu ún," ni olórí àáró wí lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà. Wọ́n sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn, tó kún fún òórùn ọtí, ń fẹ́ sí mi lójú, mo sì mọ ẹni tó mu ún. N kò bínú. Ojú wọn ni mo ń wò nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí: ẹyin ojú tó ń pọ́n bọ̀ láti etí, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn kán epo sínú omi. Mo la ẹnu láti bi wọ́n.

"Jẹ́ kí ìka ẹ sinmi," wọ́n ní.

Mo wo ọwọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti wà níbẹ̀.